Àmì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì

Wọ́n dá mi padà sílé lánàá. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, kí ẹni tó bá rí i má rò pé adìẹ ló fẹsẹ̀ ha ìwé. Apá ọ̀tún wà nínú aṣọ ìgbápá tí wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn, ó sùn lé mi láyà bí ọmọ ọlọ́mọ.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà jókòó tì mí kí n tó kúrò. Ó ní iṣan tó máa ń gbé apá sókè ló já kúrò lára egungun lọ́jọ́ tí mo ré lulẹ̀ lórí àpótí, níbi tí mo ti ń na ọwọ́ sí aṣọ lórí pẹpẹ òkè. Ó ní òun ti rán an padà mọ́ egungun. Rán an, ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn. Mo bi í pé irú òwú wo ló lò, ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé mi ò ṣàwàdà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ́ ní Télọ̀ Àgbà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gé aṣọ tí mo sì ń rán an. Bí ojú ìrán ṣe ń ya, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ ní ọsibítù, òun ló ń tọ́jú apá àti ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì, ìkẹta á jẹ́ "Ẹ nàró." Ìyá Nàró ni mo ń pè é nínú ọkàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i lọ́mọ.

Ó fún mi ní ìwé kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí n yọ apá kúrò nínú aṣọ ìgbápá, kí n tẹ̀ síwájú, kí n jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ kó máa fì síwá fì sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí n dùbúlẹ̀, kí n fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún sókè. Ìgbà tí mo bá ṣe é, kí n fa igi kan sórí ìwé. Ó ní bí mo bá jẹ́ kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí, á gan.

Mo délé, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bí apá ṣe fì padà ni mo gbọ́ ìró kékeré kan nínú lọ́hùn-ún, ìró òwú tó já. Òógùn bò mí. Mo jókòó, mo sì rò ó bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ṣe ń rò. Aṣọ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, tí oníbàárà ti gbé e wọ̀ tó ń fà á kí n tó so ìdí òwú rẹ̀, ibo ló máa ń ya? Ojú ìrán náà ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo dá apá padà sínú aṣọ ìgbápá. Mo fa igi mẹ́rin sórí ìwé kí Ìyá Nàró má bàa bínú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì

Igi mẹ́rin. Mi ò ṣe nǹkan kan. Aṣọ inú kóòtù tún ti gbówó lórí, àbúrò mi tí a jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ló wá sọ fún mi, bí ẹni pé mo lè ṣe nǹkan sí i láti orí àga.

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ọkọ mi ló ya irun mi lónìí, òun ló sì dè mí ní bọ́tìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ le, àmọ́ ó ń fara balẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló fi ka mítà iná lójúlé-ojúlé kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ilé tó dé tí wọn ò ní bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù díẹ̀. Ìdáhùn kan ló ní: ohun tójú bá rí nídìí mítà lọwọ́ ń kọ.

Bó ṣe ń palẹ̀ orí tábìlì mọ́ ló rí ìwé Ìyá Nàró. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Igi wọ̀nyí mà pọ̀ o. Mi ò sì tíì rí ọ nídìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Mo ní ìgbà tó bá jáde ni mo máa ń ṣe é. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ bó ṣe bá a.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Igi mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo gbé lọ fún Ìyá Nàró. Ó yìn mí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú apá mi dání láti gbé e. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Ó tún wo ìwé.

Ó fún mi ní òmíràn. Mo ti fa igi méjì sí i kí n tó sùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Télọ̀ Àgbà bọ́ aṣọ ìgbápá lára mi lónìí, àmọ́ apá náà kò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró níwájú àyà mi bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí, bí ẹni pé aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ó gbé e díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró gbọn-in, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé ẹrù tì lẹ́yìn. Kò tíì súnmọ́ gbọọrọ èjìká, ibi tí apá ti bọ́gba pẹ̀lú èjìká, rárá. Ó wo Ìyá Nàró, Ìyá Nàró fi àwọn ìwé tó kún fún igi hàn án.

Télọ̀ Àgbà ní kí n padà wá ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Bí apá kò bá tíì gòkè dé gbọọrọ èjìká nígbà náà, wọn á fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, wọn á sì fi agbára ṣí i. Mo bi í pé ibi tó rán ńkọ́. Ó ní ó lè ya. Ó ní ní tòótọ́, egungun gan-an lè dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tí mo fi ń pa òwe ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, mo gbàgbé pé ó ní apá kejì: ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹta

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi gbá ilẹ̀ dè mí bí ẹni tó ń retí àlejò. Sísọ́ọ̀sì ńlá mi wà níbi tí mo fi sí. Àbúrò mi ló ń gé aṣọ báyìí, mo sì mọ̀ pé kò fẹ́ràn rẹ̀, ìdí maṣíìnì ni ti ẹ̀.

Mo kan téèpù mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láti ilẹ̀ lọ sókè. Mo fẹ̀yìn ti irin fèrèsé, mo mú ṣọ́ọ̀kì dání lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fa apá gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí agbára mi fi tán, mo sì fi àmì síbẹ̀. Ínṣì méjìlélógójì. Gbọọrọ èjìká mi jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta. Pẹpẹ òkè, níbi tí aṣọ tó fa gbogbo rẹ̀ ṣì wà, jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tèmi kò tó pẹpẹ, kò sì wọ kèrègbè. Mi ò mọ ẹgbẹ́ tí mo wà mọ́.

Àmọ́ mo ti ní téèpù. Téèpù kì í purọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Mẹ́rìnlélógójì. Mo ra èso fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin

Ìyá Nàró ní irin kan tó fi ń wọn oríkèé. Ó gbé e lé èjìká mi, ó tẹ ọwọ́ kan mọ́ mi lórí èjìká, ó ní kí n gbé apá. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní bó ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló wà. Mo sọ fún un nípa ínṣì méjì tí mo fi gòkè. Ó ní inú òun dùn, àmọ́ òun ò rí i. Mo wo irin náà dáadáa. Ó ti gbó.

Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹrin

Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Atẹ́gùn tó fẹ́ lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ.

Àbúrò mi gé apá ọ̀tún méjì fún kóòtù kan ṣoṣo. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Aṣọ náà kò sì ṣẹ́kù. Ó ní, "Àǹtí mi, ìgbà wo lẹ máa padà?" Mo ní láìpẹ́. Kò sí bí mo ṣe lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì kí n na sísọ́ọ̀sì dé ìdí aṣọ, mo ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìka ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Láti ìgúnpá lọ sókè ni kò gbọ́ tèmi. Kí ni n óò jẹ́ bí mi ò bá gé aṣọ mọ́? Láti ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin

Irin Ìyá Nàró tún ní kò kúrò lójú kan. Mo ti wà ní ínṣì mọ́kàndínláàádọ́ta lára ògiri! Mo sọ fún un, kò jà. Ó kàn bi mí pé ta ló ń dúró tì mí nígbà tí mo bá ń ṣe é. Mo ní kò sẹ́ni. Ó tún bi mí nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti àkọ́kọ́, ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ nàró, Mà." Mo sì rò pé mo nàró.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin

Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èjìká ń dùn mí, ọrùn wá dara pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ òsì pẹ̀lú. Kí ló kan ẹ̀gbẹ́ òsì?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin

Mọ́kànléláàádọ́ta! Gbọọrọ èjìká! Ọjọ́ méje ṣì kù. Mo pe ọkọ mi láti ilé kó wá wò ó. Ó dé, ó wo àmì, ó wo èmi náà. Mo tún un ṣe lójú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kan ibẹ̀ gan-an. Ó ní ó dára. Nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kúrú tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má bà mí láyọ̀ jẹ́, ó sì lọ ra búrẹ́dì.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi wá sílé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó fẹ́ rán búláòsì kan fún mi, èyí tó ṣí níwájú, tí mi ò ní máa gba orí wọ̀, kí n lè gbé e wọ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fa téèpù yọ. Ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn àyà. Ó wọn láti orí èjìká dé ìbàdí lápá òsì, ó kọ ọ́. Ó wọn ọ̀tún. Ó dúró, ó tún un wọn. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dúró dáadáa. Mo ní mo dúró dáadáa.

"Ẹ ò dúró dáadáa o, Àǹtí mi. Ọ̀tún fi ínṣì kan àti ààbọ̀ ju òsì lọ."

Mo gba téèpù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n rí i fúnra mi. Mo lọ dúró níwájú dígí. Mo ti wọn ara ènìyàn tí mi ò lè kà. Bí ẹnì kan bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé báyìí, kó tó jókòó ni n óò ti sọ èjìká tó ga àti ìbàdí tó yẹ̀. Obìnrin tó wà nínú dígí gbé èjìká ọ̀tún rẹ̀ dé ìdí etí, gbogbo ara rẹ̀ wọ́ sí òsì. Bí ó bá jẹ́ oníbàárà mi ni, ǹ bá ti bi í pé kí ló ṣe é.

Mo ní kí a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò bi mí ní ìdí. Mo fẹ̀yìn ti irin fèrèsé, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ní kó wò mí dáadáa, kó má ṣàánú mi. Mo gbé apá títí dé mọ́kànléláàádọ́ta.

Ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Apá kọ́ ló ń gòkè. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣubú sósì."

Téèpù kò purọ́ lóòótọ́. Ó wọn ohun tí mo gbé síwájú rẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Oúnjẹ kò lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, àti igi orí ìwé. Mo rò pé yóò yà á lẹ́nu. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí òun ti rí ìwé náà, òun sì rí i pé mò ń wọ́ ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí mo dé mọ́kànléláàádọ́ta yẹn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní òun rò pé òun ń ṣàánú mi. Mo bínú sí i fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tó fa igi.

Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ rìn tó oṣù mẹ́ta.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

A dé ọsibítù ní aago mẹ́jọ. Yàrá náà tutù. Ìyá Nàró lo irin rẹ̀, Télọ̀ Àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Kò kúrò lójú kan. Ó jókòó, ó kó àwọn ìwé mi jọ síwájú. Ó ní mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹ̀rí rẹ̀ nìyí, èjìká míràn kàn máa ń gan ni. Ó ní nígbà tí ṣíṣe rẹ̀ kò tú u, kò sí ọ̀nà míì ju kí wọ́n fi agbára ṣí i. Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ ṣe é. Ó ti ìwé kan sí mi kí n fọwọ́ sí, ó sì gbé bírò lé e.

Ìwé onígi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wo àwọn igi mi. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, gíga kan náà, yíǹkì kan náà, bí ojú ìrán maṣíìnì. Ẹni tó bá ń fi ìrora ṣe é lóòótọ́, igi rẹ̀ á wọ́ níbì kan. Mo gbé bírò náà sílẹ̀.

Mo ní, "Mi ò ṣe é."

Télọ̀ Àgbà ní ṣé mi ò fẹ́ fọwọ́ sí i ni.

"Gbogbo igi yìí. Mi ò ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é, mo gbọ́ ìró kan, mo wá ń tọ́jú ẹ̀ bí ojú ìrán tuntun, kó má bàa ya."

Ìyá Nàró gbé ojú sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mo sọ ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà, bí mo ṣe ń ṣubú sósì tí mo ń pè é ní ìgòkè, àti bí mo ṣe ń dúró níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mi ò sunkún. Ojú tì mí ju kí n sunkún lọ.

Télọ̀ Àgbà kò pariwo. Ó ní, "Aṣọ kì í jinná, Mà. Iṣan ń jinná. Bó bá ń jinná tẹ́ ò jẹ́ kó rìn, ó máa ń jinná mọ́ ibi tí kò yẹ."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí aṣọ, mi ò mọ ìyẹn.

Ó wo Ìyá Nàró, ó bi í bóyá ó ṣì ṣeé yí padà. Ìyá Nàró ní òun ò mọ̀. Ó ní ó ti pẹ́, ojú àpá ti le, àmọ́ wọn ò lè sọ pé èjìká tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìyànjú rẹ̀ ti kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún mi. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà. Télọ̀ Àgbà kò ya ìwé tó ní kí n fọwọ́ sí. Ó fi í sínú fáìlì mi, ó sì fi kílíìpù dì í mú sókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti kọ́kọ́ bà á.

Ìyá Nàró sìn mí dé ẹnu ọ̀nà láìsọ pé kí n nàró. Níbẹ̀ ló ti ní, "Inú ń bí mi sí yín, Mà. Màá bínú tán kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó fún mi ní ìwé tuntun. Kò sí ibi tí a ti ń fa igi níbẹ̀. Òǹkà ló fẹ́ lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe èmi ló máa kọ ọ́. Ó ní ẹlòmíràn ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún

Ọjọ́ òní ni wọn ì bá ti ṣe é. Mo ṣe ti Ìyá Nàró ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, títí kọjá ibi tó ti ń dùn. Mo gé ètè jẹ. Mo gbọ́ ìró òwú tó já yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń bá a lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń tú ni o, bóyá ó ń ya ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi láti ìta.

Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì.

Ṣọ́ọ̀bù kò ṣí lónìí, èmi àti ọkọ mi nìkan la lọ. Mo ti ń ronú bí mi ò ṣe ní lè ṣubú sósì. Aṣọ ìgbápá ni mo mú dání. Mo fẹ̀yìn ti irin fèrèsé, mo ní kó fi dè mí mọ́ ọn láyà, kó sì fi téèpù àtijọ́ mi kan dè mí ní ìbàdí. Ó so ó le. Ó ní òun kò tíì rí olè tó fúnra rẹ̀ mú okùn wá rí. Mo rẹ́rìn-ín, okùn náà sì há mọ́ mi.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kó fi àkísà tútù nu ògiri. Gbogbo àmì mi ló nù, láti méjìlélógójì dé mọ́kànléláàádọ́ta. Ṣọ́ọ̀kì kì í pẹ́ẹ́ lọ.

Mo gbé apá. Kò sí ibi tí mo lè wọ́ sí. Mo gbé e títí omi fi bọ́ lójú mi, mo dì í mú síbẹ̀, mo ní kó kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi ojú súnmọ́ téèpù bó ṣe máa ń fi súnmọ́ mítà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀.

Mọ́kànlélógójì ni. Ó wà nísàlẹ̀ gbogbo àmì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kúrò.

Ó di bírò mú lórí ìwé Ìyá Nàró, kò kọ nǹkan kan. Ó ní ó mà kù díẹ̀ kó pé méjìlélógójì, bóyá kí òun kúkú kọ méjìlélógójì sí i, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Apá mi ti ń gbọ̀n lára ògiri.

Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí."